Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà Gorí Ìtàgé

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òun. Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá dé ibi iṣẹ́, a ó ṣílẹ̀kùn, a ó ní "Ẹ káàárọ̀ o," a ó wá àga wa, ó parí. Ti ọ̀gá àgbà Ilé Eré Ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í wọlé. Dídé ló máa ń dé. Awakọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ fun fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì, kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ lè tètè gbé e mì. Ẹnì kan á sáré wá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ẹlòmíì á gba báàgì, ẹlòmíì á gba ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan gbà mọ́ á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni pé atẹ́gùn tí ọ̀gá fẹ́ mí símú ló ń bá a gbé. Ẹ̀rọ agbéniròkè kan sì wà nínú ilé náà tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀. Àjà kìíní péré ni ọ́fíìsì ọ̀gá wà.

Gbólóhùn kan wà tí kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí: "lábẹ́ ìtọ́sọ́nà mi." Wọ́n kun ògiri lábẹ́ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe lábẹ́ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Lọ́dún kan tí òjò tètè dé, ó dìde níbi ìpàdé, ó ní inú òun dùn pé láti ìgbà tóun ti gorí àga, ojú ọjọ́ pàápàá ti ń ṣe dáadáa lábẹ́ ìtọ́sọ́nà òun. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, wọ́n sọ ọ́ ní Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí oje igi. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan lẹ́nu àwọn tó ń gbálẹ̀. Ẹ mọ ohun tó rò? Ó rò pé oríkì ni.

Akọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Ọkùnrin yìí lè gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ kí ọ̀gá tó la ẹnu.

"Ooru yìí mà pọ̀ lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ooru ń pa mí lọ."

"Àbí òtútù ni mò ń gbọ́ lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irú òtútù tó máa ń móoru yẹn ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, tí ìròyìn fi dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Obìnrin àgbà ni Mínísítà yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ló ká a lára jù. Ìròyìn kejì tẹ̀ lé e: igbákejì Mínísítà fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa rọ́pò. Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ ní ìjókòó. Nígbà tó máa gbọ́ èkejì, ó ti nàró.

"Ẹ bá mi wá eré àlàáfíà!" ó pariwo mọ́ akọ̀wé. "Àlàáfíà tó pọ̀! Kí àlàáfíà náà kún títí, kó máa dà sílẹ̀!"

Obìnrin kan wà nínú ìlú tó ti ń kọ orin tipẹ́, Ìyá Olórin ni wọ́n ń pè é. Tínínrín ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó ti kọ ópẹ́rà kan, ìyẹn eré tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. *Ìjókòó* ló pè é. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ológun fẹ́ gba kàǹga ìlú kan. Bàbá arúgbó kan lọ jókòó sétí kàǹga náà, ó ń gbàdúrà. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n gbá a létí, kò bú wọn, kò gbá wọn padà. Àwọn ará ìlú wá ń jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rẹ àwọn tó ń lù wọ́n. Orin rẹ̀ náà kò lọ́jú pọ̀: ìwọ̀nba ohùn díẹ̀, tí wọ́n á máa kọ ní àkọtúnkọ, tí yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ojú sánmà ṣe ń yí padà ní ìdájí, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ gan-an. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá etí kàǹga ń kọ: *Mo jókòó, mi ò bínú, omi kì í ṣe ti ẹnì kan.*

Ìyá Olórin jókòó sídìí dùùrù nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ta á, ó sì kọ díẹ̀ nínú orin náà fún un. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ ti kọ ibí yìí tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹ tún ń kọ ọ́?"

"Kò rí bákan náà mọ́, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ ti yí padà díẹ̀."

"Èmi? Èmi kì í yí padà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fi bọ́ sí i. "Bí ẹ ṣe wà látilẹ̀ lẹ ṣì wà."

Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà ronú. Ojú rẹ̀ là. "Tó bá jẹ́ pé àkọtúnkọ ni wọ́n á máa kọ ọ́, ṣebí á dáa kí wọ́n máa kọ orúkọ èèyàn gidi? Ẹ yọ omi yẹn kúrò. Ẹ fi 'Ọ̀gá Àgbà Pátápátá Ilé Eré Ìjọba' sí i."

"Kò ní wọ inú ohùn náà, sà. Ó ti gùn jù."

"Ẹ fẹ ohùn náà lójú!"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, ó gbà pé òun á fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣáájú eré, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kúrú. Ìyá Olórin gbà, nítorí kò sí gbọ̀ngàn mìíràn nílùú tó lè gba ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fún ní ipò bàbá etí kàǹga ni akọrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Ilẹ̀, torí tó bá kọrin, àfi bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń jáde. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi í sí: ìránṣẹ́ ọba, aṣọ́nà, òkú. Irun rẹ̀ ti funfun kí wọ́n tó fún un ní ipò tí èèyàn á rántí délé. Ìyàwó rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò.

Lọ́jọ́ tí Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà wá wo ìdánrawò wọn, gbogbo èèyàn fò dìde. Ohùn-Ilẹ̀ nìkan ló kù ní ìjókòó lórí kàǹga onípákó tí káfíńtà kàn, ojú rẹ̀ dì, ó ń kọrin lọ ní tirẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Eré ló ń ṣe, sà," ni Ìyá Olórin dáhùn. "Kò gbọdọ̀ dìde. Ohun tí eré náà dá lé lórí nìyẹn."

"Mo wọlé, ó jókòó, ẹ ní eré ni?" Ọ̀gá gorí ìtàgé. "Ìwọ! Dìde!"

Ó wá jẹ́ pé ibi tí orin dé gan-an nìyẹn. Ó yẹ kí ológun pàṣẹ pé "Dìde!", kí bàbá sì fèsì. Ohùn-Ilẹ̀ tó dijú rò pé ológun inú eré ló sọ̀rọ̀. Ó fohùn jíjìn dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: *"Mo jókòó, mi ò bínú…"*

Gbàà! Ìgbájú náà dún dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta dùùrù.

Ohùn-Ilẹ̀ lajú. Ó wo ọ̀gá, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà," ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin èèyàn mi: kò sí ohun tó ń bí agbéraga nínú tó kí ẹni tó lù fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí i. Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà fara ya. Ó ní Ohùn-Ilẹ̀ kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ta wá ni yóò jókòó síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wúkọ́.

"Sà, tí mo bá lè fẹnu yẹpẹrẹ mi sọ̀rọ̀, ojú ta ló jọ ojú ẹni mímọ́ tó tiyín?"

"Mi ò lè kọrin."

"Ohùn-Ilẹ̀ á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á máa kọ ọ́. Ẹ̀yin á kàn máa la ẹnu ni, sà. Ohùn kọ́ ni Mínísítà fẹ́ fi ṣe igbákejì. Ojú ni."

Ọ̀gá lọ jókòó lórí kàǹga, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní kí wọ́n tan iná sí òun lójú díẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n túká, Ìyá Olórin bá Ohùn-Ilẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé, níbi tó ti ń fi aṣọ tútù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin náà jókòó tì í. "Bọ̀dá, mo fẹ́ kó ìwé orin mi, kí n máa lọ. Ó gbá yín létí, ó tún fẹ́ jí ohùn yín."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kúkú ni, mo mọ̀ bó ṣe dùn mí tó," ni Ohùn-Ilẹ̀ wí. "Ẹ ò mọ̀, àbúrò mi, ọwọ́ mi ti gbéra. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà." Ó yí aṣọ tútù náà padà lẹ́rẹ̀kẹ́. "Tí mo bá lè kọ 'mi ò bínú' lójú iná, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò mí, tí mi ò wá lè kọ ọ́ lẹ́yìn aṣọ, kí ni mo ti ń kọ látọjọ́ yìí? Ẹ jẹ́ á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá nǹkan tí màá sọ fún ìyàwó mi."

Ní ilé ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé àpótí wá sí àárín ilé ìdáná, ó jókòó ganran-an.

"Màmá, mo fẹ́ kí o ṣẹ̀ mí."

"Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ṣẹ̀ mí. Kí n wá má bínú. Ìdánrawò ni."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ó gùn jù. Àwọn èèyàn sùn."

"Àwọn wo?"

"Ẹ ò gbọdọ̀ bínú o."

"Mi ò bínú! Àwọn wo ló sùn?"

"Ọ̀kan nínú wọn lèmi."

Àpótí ṣubú lu ilẹ̀. Ọkùnrin náà ti wà lórí ìdúró, ó ń na ìka sókè, ó ní ọ̀tá ilé ni, ó ní àwọn àna òun kò mọyì òun rí, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni èyí tó dùn jù tí ẹnikẹ́ni ti sọ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà òun. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ipò yẹn padà fún ẹni tó ni ín."

"Kí lo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìjọba?"

"N ò mọ nǹkan kan. Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀." Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán Sátidé ni, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà jókòó níwájú, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà jáde nínú aṣọ funfun bàbá etí kàǹga, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni tó gbá olè mú.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe pàtàkì! Àti ẹ̀yin yòókù! Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, ǹjẹ́ àlàáfíà wà? Àlàáfíà wà! Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀gá!"

Báyìí ló ṣe ń bá a lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mínísítà lẹ́ẹ̀kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀nà oríṣiríṣi. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ òun ga débi pé àwọn ẹgbẹ́ òun kò lè débẹ̀. Àwọn tó ń fun fèrè ti gbé fèrè sẹ́nu, wọ́n tún ti gbé e kúrò. Nígbà tó ṣe tán, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nìkan ló dìde pàtẹ́wọ́.

Iná wálẹ̀. Dùùrù bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ohùn kan gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀, *mo jókòó*, ara gbogbo èèyàn sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà la ẹnu. Ohùn náà tún un kọ. Ó tún ẹnu là. Wọ́n tún un kọ. Ìdí ti ń ro ó lórí pákó. Ẹnu ti ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà míì, ohùn á ti lọ kí ẹnu tó là. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹnu á ti pa dé, ohùn á ṣì máa lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kùkù níbì kan. Ọ̀gá fi igun ojú wo Mínísítà, kí ló rí? Obìnrin náà ti dijú, ó ń gbọ́ orin. Kò tilẹ̀ wò ó! Gbogbo ọ̀ṣọ́ ojú yìí, iná tí wọ́n tàn sí i yìí, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ti dijú!

Inú èyí ló wà tí ológun inú eré fi dé. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ẹ̀rù ń bà á torí pé ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ gbá létí. Ó kọrin pé kí bàbá dìde. Ó da garawa omi lé e lórí. Omi náà tutù, ọ̀gá sì mí hẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá gbọ́wọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń lé eṣinṣin kúrò lójú ọmọ tó ń sùn.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà ké. "Ṣé o mọ ẹni tó o fọwọ́ kàn?"

*"Mi ò bínú,"* ni ohùn ẹ̀yìn aṣọ ń kọ.

"Màá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́! Màá lé bàbá ẹ náà!"

*"Mi ò bínú…"*

Ó gba garawa lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lù ú léjìká. Àwọn tó ń wòran kọ́kọ́ rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò dá a padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ra. "Dìde kí n lù ẹ́ dáadáa!" ni ẹni mímọ́ wa ń pariwo. Àwọn ará ìlú inú eré bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wọn, wọ́n ń jókòó yí i ká, wọ́n ń kọrin. Ibi tó bá yíjú sí, èèyàn ló jókòó. Ó ju ẹsẹ̀, omi ilẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ inú kàǹga onípákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù lókè, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé.

*"Omi kì í ṣe ti ẹnì kan,"* ni ohùn náà wí.

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Àwọn kan ń fi orí gbá àga iwájú. Nígbà náà ni aṣọ ìkélé ṣí, Ohùn-Ilẹ̀ sì jáde nínú aṣọ ilé rẹ̀, ó ń kọrin lọ láì dánu dúró. Ó rìn lọ sídìí kàǹga, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fa ọ̀gá jáde bí ẹni fa ọmọ jáde nínú ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rín náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ohùn yẹn kò bá ẹ̀rín jà, ó kàn ń lọ ní tirẹ̀ ni.

"Ẹ pa iná! Ẹ dá orin dúró!" ni Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà ń ké, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. "Lábẹ́ ìtọ́sọ́nà mi, mo pàṣẹ!"

Mínísítà lajú. "Ẹ jọ̀ọ́," ló sọ, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè, "ẹ bá wa mú bàbá yẹn lọ síbi tí wọ́n ti lè pariwo. A ń gbọ́ orin."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, awakọ̀ fun fèrè lẹ́nu géètì, kò sẹ́ni tó sáré. Ìwé tó ń sọ pé kó lọ sinmi ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó ru báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè, àwọn agbálẹ̀ ti kún inú rẹ̀ tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀. Ó gba àtẹ̀gùn. Ó bá Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń bá wọn gbé àga tuntun wọlé fún ẹni tí wọ́n fi rọ́pò.

"Ẹ rọra o, ẹ má fara kan ògiri yẹn," ni akọ̀wé sọ fún un.

"Ṣebí èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni akọ̀wé wí. Ọ̀gá dúró, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ìyókù rẹ̀ kò wá.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ìyàwó rẹ̀ kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó kàn ń gbé oúnjẹ fún un, ó sì ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Eré náà ò tíì kúrò lórí ìtàgé, àwọn èèyàn ń ti ìlú òkèèrè wá wò ó. Lọ́jọ́ kan, Lábẹ́-Ìtọ́sọ́nà wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo èèyàn. Àárín èrò ni àga rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Ohùn-Ilẹ̀ jókòó lórí kàǹga, ojú rẹ̀ dì. Orin bẹ̀rẹ̀, ó yí po, ó tún yí po. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ń pòṣé. Nígbà tó yá, kò pòṣé mọ́. Nígbà tí ológun gbá bàbá náà létí, ó rí i pé ọwọ́ òun ti lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara òun. Omijé dé sí i lójú, kò sì mọ ibi tó ti wá. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, èmi tí mo ti ń bú u bọ̀ láti òwúrọ̀, mo mí kanlẹ̀. Mo ní, ó tán, ó yé e wàyí.

Orin parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àtẹ́wọ́ sán bí ààrá. Ọkùnrin náà nu ojú, ó gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn lẹ́yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún rẹ̀, lósì rẹ̀. Ó dìde. Ó de bọ́tìnnì kóòtù. Ó yí padà sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ó sì tẹrí ba fún wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí, "ẹ tún tẹ̀ ba sí i díẹ̀."

Ó rò pé orí obìnrin náà ló wú. Ó tẹ̀ ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹ̀yìn àga. Obìnrin náà na ọrùn kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí Ohùn-Ilẹ̀ wàyí, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ.